Ìyá Aránṣọ àti Ṣòkòtò Tí Kì í Fún

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú ilé. Ẹyin mẹ́rin ń pariwo nínú òróró gbígbóná, odidi búrẹ́dì kan ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, tíì sì ń rú èéfín nínú ife ńlá. Ìyá Aránṣọ fi ẹsẹ̀ kan wà ní ilé ìdáná, ó fi èkejì wà ní yàrá iwájú níbi tí máṣínnì ìránṣọ rẹ̀ wà. Ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bó ti ń bá ṣòkòtò iṣẹ́ jìjàkadì.

"Ìyàwó mi! Ọṣẹ tí o fi ń fọ aṣọ yìí mà tún ti jẹ́ kí ṣòkòtò mi sún kì o!"

"Ẹ mú un wá, Bàbá àwọn ọmọ. Kí tíì yín tó tutù, mo ti bá yín tún un ṣe."

Obìnrin náà mú abẹ́fẹ́lẹ́, ó tú ojú rírán ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó wá ègé aṣọ tó bá a mu, ó rán an mọ́ ọn, ó sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ọkọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó fọwọ́ lu ikùn gbàà.

"Ṣé o rí i? Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń wọ ṣòkòtò yìí. Ara mi ò yí padà rárá!"

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹyin síwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án rèé tí òun fúnra rẹ̀ tú ṣòkòtò yẹn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá a wí. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ fi ikùn ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ nígbà kan. Ọkùnrin náà wálé, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó ti pinnu pé aṣọ kankan ò ní dójú ti olówó orí òun mọ́. Aránṣọ ni, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló fi ń fẹ́ràn èèyàn. Ọkọ aránṣọ wo ló ń wọ aṣọ tó fún? Nínú ilé mìíràn, ṣòkòtò á ti ké gbàjarè tipẹ́. Nínú ilé tiwọn, ó dákẹ́.

Alágbára ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́. Nígbà náà, òun ló ń gbé dìdì bébà láti ìsàlẹ̀ dé òkè kẹta, méjì léjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì máa súfèé lọ. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ odidi búrẹ́dì, ta ló máa bi í? Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá, wọ́n gbé e jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá onígíláàsì, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù lọ sókè. Gbogbo ẹbí dúpẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n dúpẹ́. Àmọ́ ìgbéga yẹn ò dé ilé ìdáná o. Oúnjẹ alágbàrù náà ni ìyàwó ń bù, òun náà ni ọ̀gá ń jẹ. Bí ikùn ṣe ń yọ, àwọn èèyàn á ní, "Háà, ara ń gbà á o! Ìgbádùn ti dé." Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kó tó di ọ̀sán, fóònù dún. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù o..."

Ẹni tó bá ti fi "ẹ má bẹ̀rù" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ti dẹ́rù bani tán. Ìyá Aránṣọ sọ sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbàgbé téèpù sọ́rùn, ó sì sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ méjì tí kò jọra.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ nà sórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó, ó ń bì. Ohun kan wú síta níbi ìdodo rẹ̀, ó tó ọsàn kan, ó sì le. Wọ́n ní ikọ́ lásán ló wú tí nǹkan náà fi yọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó dúró tì í, obìnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ wà jẹ́ẹ́, ti fún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ó ń fi ìka tẹ ibi tó wú náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Lójijì ni ohun tó wú náà wọlé.

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Ìfun yín ti padà sílé."

"Mo dúpẹ́ o! Ọlọ́run, mo dúpẹ́!" Ìyá Aránṣọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ dìde, Màmá. Ọpẹ́ yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù." Dókítà jókòó. "Ọ̀rá tó wà nínú ikùn Bàbá ti pọ̀ jù, ó ń ti ìfun láti inú. Ògiri ikùn wá là lẹ́yìn ìdodo, ìfun sì gba ibẹ̀ yọ. Ó padà lónìí. Bó bá há lọ́jọ́ mìíràn tí kò padà, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìyẹn lè pa èèyàn. Abẹ la máa fi dí ojú ibẹ̀."

"Ẹ ṣe é lónìí, dókítà. Mo ti ṣetán," ni Alágbára wí.

"Èmi ò tíì ṣetán. Ẹ̀jẹ̀ yín ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ga, ẹ sì wọn kílò mọ́kànléláàádóje. Bí mo bá fún yín ní oògùn oorun báyìí, mímí lè di ìjà. Bí mo bá sì rán ojú ibẹ̀, ọ̀rá yẹn náà á tún ti í ya. Ẹ lo oògùn, kí ẹ sì bá mi dín kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kù láàárín oṣù mẹ́fà, kí á tó ṣe é."

"Kílò kí ni? Dókítà, ẹ má bínú, òṣùwọ̀n yín ń purọ́."

"Ṣé ẹ ò kíyè sí i pé aṣọ ń fún yín ni?"

"Aṣọ kẹ̀! Ọdún karùn-ún rèé tí ṣòkòtò yìí ti ń bá mi mu. Ẹ bi ìyàwó mi. Aránṣọ ni, kò lè purọ́."

Dókítà kọjú sí ìyàwó. Ọkọ náà kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti dé. Ilẹ̀ ì bá là kí obìnrin náà wọlé lọ, ì bá yá a lára.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó wí, "ẹ dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti tú ṣòkòtò yẹn. Kì í ṣe ọṣẹ. Kò sún kì rí."

Ọkùnrin náà kò bú u. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo ń yangàn yẹn, o kàn ń wò mí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyàwó ju èébú lọ, ó sì sunkún débi pé nọ́ọ̀sì ló mú un jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá pẹ̀lú ìwé kan tó ti gbó létí. Ìwé tó máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ni. Ojú ìwé ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí kò sí ìgbà tó rán aṣọ fún un tí kò kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ó máa ń ṣe é bí eré ni, yóò dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, yóò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn aláìsàn ló gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ojú rẹ̀ là.

"Màmá! Dókítà gan-an ò ní irú ìwé báyìí o!"

"Ìtìjú ló jẹ́ fún mi."

"Ìtìjú kẹ̀? Ọpẹ́ ni. Bàbá, ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá wo ìtàn ara yín. Ọdún mẹ́wàá gbáko, ìbàdí yín ò kúrò lórí ìnṣì mẹ́rìndínlógójì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, méjìdínlógójì. Lẹ́yìn náà, mọ́kànlélógójì, márùndínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́ta. Lọ́dún yìí, mọ́kànléláàádọ́ta. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó di méjìdínlógójì yẹn?"

Alágbára fi ìka lé ọdún náà. "Ọdún yẹn ni wọ́n gbé mi sórí àga."

"Ó tán. Oúnjẹ tí à ń jẹ, agbára ló ń dà nínú ara. Ara á ná nínú ẹ̀ kí ọkàn lè máa lù, kí a lè máa mí, kí ẹsẹ̀ lè rìn, kí èjìká lè gbẹ́rù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ara kì í dà á nù. Ó ń sọ ọ́ di ọ̀rá, ó ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìyàn. Ìyàn ò wá dé mọ́, ọ̀rá ò sì yéé wọlé. Nígbà tí ẹ ń gun òkè kẹta nígbà ogún lójúmọ́, ẹ ń ná an tán. Ẹ jókòó, ẹ ò ná an mọ́. Iṣẹ́ yí padà, abọ́ ò yí padà."

"Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń jẹ jù mí lọ, tó sì rí pẹlẹbẹ bíi pákó."

"Ara ò dọ́gba, Bàbá. Àjogúnbá wà níbẹ̀, àìsùn dáadáa wà níbẹ̀, oògùn mìíràn sì wà tó ń mú ara wú. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pe ẹni tó sanra ní ọ̀lẹ tàbí wọ̀bìà. Ṣùgbọ́n ní tiyín, ìwé yìí ti fọ̀nà hàn wá. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?"

"Ọ̀kan."

Ìyàwó wú ikọ́.

"Méjì."

Ìyàwó tún wú ikọ́.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ikọ́ tèmi ti ràn ọ́ ni? Mẹ́ta, tí oòrùn bá mú."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ọkọ náà rẹ́rìn-ín, Ìyá Aránṣọ náà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Ara tù ú, nítorí ó rí i pé ọkọ òun ti ń bá òun sọ̀rọ̀.

"Ṣúgà inú ìgò kan lè tó ṣíbí tíì mẹ́jọ," ni nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ máa mu ún, kò ní yó yín, ẹ ṣì máa jẹun lé e. Omi ni kí ẹ máa mu. Màmá, ẹ má febi pa wọ́n o. Ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ìdajì abọ́. Ẹ pín ìdajì tó kù sí méjì: ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin ní apá kan, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì ní apá kejì. Ẹ dín òróró kù, ẹ sè é dípò kí ẹ dín in. Kí wọ́n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí wọ́n máa dìde lórí àga yẹn ní wákàtí wákàtí. Àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, nítorí ìfun yẹn."

"Oníbàárà mi kan fún mi ní tíì kan. Ó ní ó ń yọ́ ọ̀rá láàárín ọjọ́ méje."

"Ọ̀rá tó gba ọdún márùn-ún kó tó wọlé, tíì wo ló máa lé e jáde lọ́jọ́ méje? Ìgbẹ́ gbuuru àti omi ara ló máa yà jáde, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ dà á nù. Bí ibi ìdodo yẹn bá tún wú tó le, tí wọ́n ń bì, ẹ má fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ohunkóhun ra á. Ibí ni kí ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Wọ́n délé, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn ni? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Aránṣọ gbé abọ́ tuntun síwájú ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà wo ẹ̀fọ́, ó wo ìyàwó, ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fi mí ṣe ni?" Síbẹ̀ ó jẹ ẹ́. Ní òwúrọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú ibi iṣẹ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó á bo máṣínnì, wọ́n á jọ rìn yí àdúgbò po. Orúnkún tirẹ̀ náà ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀, torí aránṣọ náà kò ju ẹni tó ń jókòó lọ. Kò pẹ́ tí ìrora orúnkún fi dínkù, ó sì ń dúpẹ́ sínú.

Oṣù kìíní, kílò mẹ́rin lọ. Oṣù kejì, mẹ́ta. Oṣù kẹta, òṣùwọ̀n kọ̀, kò mira. Ojú Alágbára fà ro. Níbi tí ìyàwó ti ń fọ ṣòkòtò rẹ̀, ó yí àpò síta, èérún bísíkíìtì sì dà sínú omi. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Tẹ́lẹ̀, ì bá gbọn àpò náà nù, kó dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ṣòkòtò tútù náà lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, mi ò wá bá yín jà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Kí lẹ fẹ́ kí n máa sọ fáwọn ọmọ tí ìfun yẹn bá há?"

Ọkùnrin náà gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti sú mi ni," ó wí. "Mò ń ṣe é, kò lọ, ni mo bá ní kí ló dé. Bí wọ́n bá pín bísíkíìtì níbi iṣẹ́, èmi náà á mú."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ jẹ́ kí á padà lọ bá nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fòyà, pé bí ara ṣe ń fúyẹ́ ni agbára tó ń ná ń dínkù, ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi máa ń dúró nígbà mìíràn. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn wọn, ó ní kó máa mú ẹ̀pà ìwọ̀nba àti èso dání dípò bísíkíìtì. Oṣù kẹrin, òṣùwọ̀n tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà náà ti ń gbọ́ràn sí oògùn.

Oṣù karùn-ún ò tíì pé. Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ń rìn bọ̀ wálé, ni Alágbára bá di ọgbà ilé ẹnìkan mú, ó ká kò. "Ó ti yọ," ó wí. "Ó há." Ìyá Aránṣọ fọwọ́ kàn án, ó le koránkorán. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, òmíràn ní òun ní òróró kan nílé. Ìyá Aránṣọ ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ọkọ̀ ni kí ẹ bá mi dá dúró!" Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti wà níwájú dókítà kékeré náà.

Dókítà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. "Kò ní padà lónìí. Abẹ ni, kíákíá."

"Kò tíì pé!" Ìyá Aránṣọ di aṣọ funfun rẹ̀ mú. "Dókítà, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ní. Mọ́kànlá péré ló tíì lọ. Ẹ gbà mí, ó ku mẹ́rin!"

"Màmá, mo mọ̀. Ọgọ́fà ló kù. Kò pé, ṣùgbọ́n ó tó kí n gbìyànjú."

Wọ́n tì í wọlé. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga pákó, ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe. Ó ń ronú gbogbo òwúrọ̀ tó fi abẹ́fẹ́lẹ́ tú ṣòkòtò, tó ń rò pé ọkọ òun lòun ń tọ́jú. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó má fi ìdákẹ́jẹ́ òun pa ọkùnrin náà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí dókítà jáde, tó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Wọ́n ti bọ́ nínú ewu, Màmá. Díẹ̀ nínú ìfun ti dúdú, a gé e kúrò, gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. A ti rán ojú ibẹ̀ dí. Èyí tí a gé yẹn ò ní hù padà mọ́, wọ́n sì máa ṣọ́ra jẹun fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń mí dáadáa." Ó ká fìlà náà sápò. "Ìmí wọn fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó tún padà bọ̀ sípò. Ká ní kílò mọ́kànlá yẹn ṣì wà lára wọn ni, mi ò mọ irú ọ̀rọ̀ tí ǹ bá máa bá yín sọ báyìí."

Ìyá Aránṣọ kò lè dìde láti kúnlẹ̀. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, a kò ní fẹ́ yín kù," títí dókítà fi lọ.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ọkọ rẹ̀ la ojú díẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ìyàwó mi, o ṣeun."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo bò ó."

"Ìwọ náà lo ṣí i," ni ọkùnrin náà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí oorun fi tún gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, àwọn àgbà tó ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run kò parọ́, àmọ́ ọ̀fun nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lónìí, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣe lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà nínú abọ́ yín. Ẹ lọ wọn ara yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò nígbà tí ara ṣì le. Ẹ fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, ẹ rìn, ẹ má sì tẹ̀ lé ẹni tó bá ní òun ní idán. Bí ẹ bá rí ẹni tó sanra, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí yẹ̀yẹ́ ẹnìkan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo bíbò yìí. Àwa tí a sì ń se oúnjẹ, tí a ń rán aṣọ, tí a ń bá èèyàn gbélé, ohun tí a bá rí lára ẹni tí a fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ láti gbọ́.